Ẹ̀rọ Kọ́ Ni Ọ̀tá Òǹkà Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa, ìbáà ṣe ní Àkúrẹ́, ìbáà ṣe ní ìlú Oǹdó. Wọ́n ní òǹkà Yorùbá ti kú, wọ́n sì ní kọ̀ǹpútà ni ó pa á. Wọ́n ní ayé ti di ayé ẹ̀rọ, pé ẹ̀rọ kò gbọ́ ẹẹ́rìnlélógún, kò sì gbọ́ aárùndínláàádọ́ta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó gbọ́. Nítorí náà, kí á yé dá ọmọ lágara. Kí á jẹ́ kí ó máa ka wáànù, túù, tíríì rẹ̀ lọ, kí ó lè bá ẹgbẹ́ pé.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀sùn tí a fi kan ẹ̀rọ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwa tí a ń fi ìka nà án gan-an ni ọwọ́ wa kò mọ́. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ pè, ẹlẹ́rìí náà kò sì ju ètò kékeré kan lọ lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa to nọ́ńbà tẹ̀ léra.

Seq ni orúkọ ètò náà. Wọ́n gé orúkọ yìí kúrò lára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn. Ó kọ́kọ́ jáde nínú ẹ̀dà kẹjọ Unix, èyí tí àwọn onímọ̀ Bell Labs ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1985. Lónìí, ó ṣòro láti rí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux tí kò sí lórí rẹ̀. Kò ní àwòrán, kò sì ní nǹkan mèremère kankan lójú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ni a ń tẹ̀ sí i, òun náà a sì dáhùn. Bí a bá tẹ seq 1 10, yóò to 1 títí dé 10 sójú ẹ̀rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Bí a bá fún un ní nọ́ńbà mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ ni ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, èyí àárín ni iye tí yóò máa fi gbé ẹsẹ̀, èyí ìkẹyìn sì ni ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Seq 5 5 50 yóò fún wa ní 5, 10, 15, títí dé 50. Bí nọ́ńbà àárín bá jẹ́ ti ìdínkù, yóò máa fi ẹ̀yìn rìn: seq 10 -1 1 yóò bẹ̀rẹ̀ láti 10, yóò sì parí sí 1. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ìwọ̀nyí lọ púpọ̀. Olùkọ́ tí ó fẹ́ fi nọ́ńbà sára ìwé ìdánwò 200 lè lò ó; akọ̀wé tí ó fẹ́ fi nọ́ńbà sórúkọ fáìlì 1,000 lè lò ó pẹ̀lú.

Ìbéèrè mi nìyí: èdè wo ni seq fi ń ka nǹkan?

Kò fi èdè kankan kà á. Nígbà tí seq bá tẹ 45 sójú ẹ̀rọ, àmì méjì péré ni ó tẹ̀. Àmì méjèèjì kì í ṣe ti Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ọwọ́ àwọn Lárúbáwá ni ó sì gbé wọn dé ilẹ̀ Yúróòpù. Ará Jámánì tí ó bá rí àmì yìí yóò pè é ní márùn-ún àti ogójì ní èdè tirẹ̀, yóò sì fi ẹyọ ṣáájú ẹ̀wá. Ará Faransé yóò pè é ní ogójì àti márùn-ún. Hausa yóò pè é bí Hausa ṣe ń pè é. Kò sí èyí tí ẹ̀rọ bá wí nínú wọn pé kò pè é dáadáa. Àwa nìkan ni a rí 45 tí a sì gbà pé ó ti sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí wa. Ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan. Etí wa ni ó sọ ọ́.

Mo gbà pé orúkọ ètò náà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìlànà rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ irinṣẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí a fi irinṣẹ́ ṣe. Bàtà tí a rà ní Ítálì kò sọ ẹsẹ̀ ẹni di ẹsẹ̀ ará Ítálì.

Bí a bá ti ja àríyànjiyàn yìí dé ibí, àwọn alátakò a yí ohùn padà. Wọ́n á ní ẹjọ́ ẹ̀rọ kọ́, ẹjọ́ òǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n á ní ó lọ́jú pọ̀, pé ó ń fi ẹ̀yìn rìn, pé kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò fẹ́ pe 45 tí yóò kọ́kọ́ ronú kan 60. Ẹ jẹ́ kí á gbé ẹ̀sùn yìí yẹ̀ wò lójú seq kan náà.

Ẹ tẹ seq 20 20 200. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni yóò jáde: 20, 40, 60, 80, 100, 120, 140, 160, 180, 200. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò rí i pé òpó ilé òǹkà wa ni ẹ̀rọ tò sílẹ̀ yìí: ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà, ogóje, ọgọ́jọ, ọgọ́sàn-án, igba. Ogójì ni ogún méjì, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé ọgọ́sàn-án tí í ṣe ogún mẹ́sàn-án. Bí a bá fẹ́ ẹ̀wá tí ó bọ́ sí àárín òpó méjì, a ó mú òpó tí ó wà níwájú, a ó sì dín ẹ̀wá kúrò lára rẹ̀: àádọ́ta ni ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta, àádọ́rin ni ẹ̀wá dín ní ọgọ́rin, àádọ́rùn-ún ni ẹ̀wá dín ní ọgọ́rùn-ún. Ọgbọ̀n ni ó ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ tún tẹ seq 20 -1 15. Ohun tí yóò jáde ni 20, 19, 18, 17, 16, 15. Ẹ wá fi ẹnu Yorùbá kà á: ogún, oókàndínlógún, eéjìdínlógún, ẹẹ́tàdínlógún, ẹẹ́rìndínlógún, ẹẹ́dógún. Ìrìn ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń bú wa, iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ ń ṣe tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Òfin ẹyọ kò sì pé méjì lẹ́yìn ogún: bí ẹyọ bá wà láàárín 1 àti 4, a ó fi lé ẹ̀wá tí ó wà lẹ́yìn, bí ó bá jẹ́ 5 títí dé 9, a ó wo iye tí ó kù kí ó tó kan ẹ̀wá tí ń bọ̀, a ó sì dín in. Nítorí náà ni 45 fi jẹ́ àrún dín ní àádọ́ta, tí àádọ́ta fi jẹ́ ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta, tí ọgọ́ta sì fi jẹ́ ogún mẹ́ta. Ọmọ tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ 13, èyíinì ni oókan títí dé ẹẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n àti igba, tí ó sì mọ bí a ti ń lé, bí a ti ń dín, àti bí a ti ń sọ ogún di púpọ̀, ó ti ní 200 lọ́wọ́.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Seq kò kọ́ nọ́ńbà kankan sórí. Bí a bá ní kí ó ka 1 dé 1,000,000, kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n to àádọ́ta ọ̀kẹ́ nọ́ńbà sí dè é. Ohun mẹ́ta ni ó mọ̀: ibi ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀, ibi ìdúró. Òfin ni ó ní. Òǹkà Yorùbá náà, òfin ni. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń kọ́ ọmọ ní òǹkà yìí nílé ẹ̀kọ́ wa? A ó kọ ọ́ sójú pátákó láti oókan dé àádọ́ta, a ó mú pàṣán dání, a ó ní kí ọmọ máa pariwo rẹ̀ tẹ̀ lé wa. Kò sẹ́ni tí ó sọ fún un pé àádọ́ta ní ìtumọ̀. Kò sẹ́ni tí ó fi ọgọ́ta hàn án nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá gbàgbé ìlà kan nínú àkọ́sórí rẹ̀, ilé á wó, a ó sì ní òǹkà Yorùbá ni ó le. Ohun tí ẹ̀rọ fi òfin ṣe ni a ní kí ọmọ ènìyàn fi àkọ́sórí ṣe, lẹ́yìn náà a wá ń dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Àwọn baba ńlá wa kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọjà ni wọ́n ti kọ́ ọ, pẹ̀lú owó ẹyọ nílẹ̀. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì C.M.S. tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà wa ní 1887. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ti ń da owó ẹyọ sílẹ̀ láti inú àpò, tí òǹkawó yóò máa fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá fa márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ogún dé. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sínú okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá kún àpò kan, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Nítorí náà ni mílíọ̀nù kan fi ń jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́ lẹ́nu wa títí di òní: àádọ́ta àpò tí 20,000 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tí ó jókòó ti òkìtì owó ẹyọ mọ ibi ìbẹ̀rẹ̀, ó mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀, ó sì mọ ibi ìdúró, láìsí pé ó rí iná mànàmáná rí.

Ẹ̀rí pé òǹkà yìí kò tíì kú wà nínú àpò gbogbo wa. Ẹ mú owó náírà jáde kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Lára igba náírà tí ìjọba gbé jáde ní 2000, wọ́n kọ Igba Naira sí i. Lára ti 500 tí ó jáde ní 2001, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n kọ, èyí tí ó jẹ́ pé 600 tí a dín 100 kúrò nínú rẹ̀ ni. Lára ti 1,000 tí ó jáde ní 2005, ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ, igba lọ́nà márùn-ún. Ọmọ Àkúrẹ́ tí ó ń fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ra búrẹ́dì, ìṣirò ìdínkù ni ó gbé lọ́wọ́ láìmọ̀.

Àwọn tí ó ní òǹkà ìdínkù kò bá ọ̀làjú mu ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀làjú. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì tí a ń fi èdè wọn ṣe ẹ̀ṣọ́ sára àmì yunifásítì wa, méjì kúrò nínú ogún ni wọ́n ń pe 18, ọ̀kan kúrò nínú ogún ni wọ́n sì ń pe 19. Eéjìdínlógún àti oókàndínlógún gan-an nìyẹn. Faransé ń pe 80 ní ogún mẹ́rin, ó sì ń pe 90 ní ogún mẹ́rin àti ẹ̀wá. Àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa ní Kétu àti Ṣakété, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ń kọ́ òǹkà Faransé yìí nílé ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ogún mẹ́rin àti ẹ̀wá yóò ba ọpọlọ wọn jẹ́. Bí Faransé bá kà ní ogún, ọgbọ́n ni. Bí Yorùbá bá kà ní ogún, òpè ni. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Ti àwọn ará Denmark ni ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Orúkọ tí wọ́n ń pe 50 wá láti inú gbólóhùn àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí ogún lọ́nà mẹ́ta tí ìkẹta jẹ́ ààbọ̀. Ẹ gbé e wò: ogún mẹ́ta tí ẹ̀wá kò sí nínú rẹ̀. Àádọ́ta ni, kò yàtọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pe 70, báyìí sì ni wọ́n ṣe ń pe 90. Ọmọ Denmark kan, Bjarne Stroustrup, tí wọ́n bí ní 1950 sí ìlú Aarhus, tí ó sì fi òǹkà yìí dàgbà, gba iṣẹ́ lọ sí Bell Labs ní 1979. Ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀dá C++, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí gbogbo ayé fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, tí ó jáde sí ọjà ní 1985. Ilé kan náà tí seq ti jáde ní ọdún kan náà ni. Bí ẹni tí àádọ́ta tirẹ̀ jẹ́ ogún mẹ́ta tí kò pé bá lè jókòó sí ìdílé Unix kí ó sì máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kí ni ó ń ṣe àwa?

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọn kò kórìíra òǹkà wa, tí wọ́n kàn fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n ní kí á pa ìdínkù rẹ́, kí ohun gbogbo máa lọ ní ẹ̀wá-ẹ̀wá. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ́wọ́ wọn ni ti àwọn ará Wales. Àwọn yẹn ní òǹkà ológún tiwọn, wọ́n ṣì ń fi í ka aago àti ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n òǹkà ẹlẹ́wàá ni wọ́n ń lò nínú kíláàsì ìṣirò. N kò ní bá ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà yìí jà, bí ó bá jẹ́ pé èdè Yorùbá ni ó fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Àwọn ará Wales tún òǹkà ṣe kí èdè wọn lè wọ kíláàsì. Tiwa yàtọ̀. Àwọn tí ó ń pariwo àtúnṣe láàárín wa, ọ̀pọ̀ wọn kò fi òǹkà àtijọ́ kọ́ ọmọ, wọn kò sì ní fi òǹkà tuntun kọ́ ọ. Àtúnṣe tí wọ́n ń wí jẹ́ àwáwí tí ẹni tí ó ti di ẹrù rẹ̀ ń wá kí ó tó jáde nílé. Bí a ó bá tún òǹkà ṣe, kí á má ṣe fi orúkọ ẹ̀rọ bojú, nítorí ẹ̀rọ kò bẹ̀ wá níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ti ń bá wọn wí, ó yẹ kí n bá àwọn ará ilé tèmi náà wí. Àwa onímọ̀ Yorùbá fẹ́ràn láti máa fọ́nnu pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, nítorí pé ojú odù 16 ní ọ̀nà 16 jẹ́ 256, iye yìí sì wà nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n ìfọ́nnu kò kọ́ ọmọ kan ní àádọ́ta. Ẹni tí ó bá ní àwa ni a ni kọ̀ǹpútà, tí kò sì lè fi Yorùbá pe ọdún tí wọ́n bí i, ẹnu lásán ni ó ń yọ. Agbádá àlejò kò mú òtútù kúrò lára onílé.

Ohun tí ó le gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi pamọ́. Nọ́ńbà ńlá lè ní ju orúkọ kan lọ ní Yorùbá. Ẹ mú 1985. Ẹnì kan lè pè é ní ẹgbàá ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti 1,900, kí ó pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá ó lé márùndínláàádọ́rùn-ún. Méjèèjì tọ̀nà. Ẹ̀rọ kò ní gba "bó bá ṣe wù ọ́". Ó fẹ́ kí á sọ èyí tí a fọwọ́ sí. Nítorí náà iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ iṣẹ́ ìfohùnṣọ̀kan, iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Àwọn kan ti gbé ẹsẹ̀ lórí ọ̀nà yìí tipẹ́. Ní 1977, S. A. Ekúndayọ̀ kọ àpilẹ̀kọ tí ó fi hàn pé ìmọ̀ gírámà Yorùbá pátá wà nínú bí a ti ń ṣẹ̀dá òǹkà wa. Ní 2014, Olúgbénga Akinadé àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, gbé iṣẹ́ jáde lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa yí nọ́ńbà padà sí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ kíyè sí i: wọ́n ti fi òfin òǹkà wa lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà sì ti gbà á. Ẹ̀rọ tí a ní kò gbọ́ aárùndínláàádọ́ta ti gbọ́ ọ. Ọmọ wa ni kò gbọ́ ọ.

Ẹ̀rí tún wà pé ọmọ lè gbọ́ ọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò di òpè. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà yẹn, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á fi máa kọ́ ọmọ láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. A kò tíì gbin igi náà tí a fi gé e pé kò so èso.

Ẹnì kan lè ní: kí ni ó kàn wá bí òǹkà bá lọ, ṣebí owó náà ni a ó máa ná? Ẹ jẹ́ kí á lọ sí oko kòkó tí ó yí Oǹdó ká. Ìyá àgbà kan gbé kòkó rẹ̀ wá sójú ìwọ̀n. Ẹ̀rọ ìwọ̀n fi 63 hàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dúró ti ìwọ̀n pe iye náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá pe 63, tàbí bí ó bá fi ẹnu jí ẹ̀wá níbẹ̀ tí ó pe 53, kò sí ìyàtọ̀ létí ìyá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ẹẹ́tàléláàádọ́ta dípò ẹẹ́tàlélọ́gọ́ta, ìyá yóò dìde lórí àpótí tí ó jókòó lé. Òǹkà tí ó yé ẹni ni ààbò owó ẹni. Ẹni tí wọ́n bá gba òǹkà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò máa wò kí ó tó mọ iye tí òun ní. Àwọn tí ó ń ka ìròyìn ní Yorùbá lórí rédíò, tí wọ́n á sọ gbogbo gbólóhùn lédè wa, tí wọ́n á wá dé orí iye owó tàbí iye ìbò kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìyá yìí kan náà ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan an jù ni wọ́n ti dákẹ́ sí i.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó kò jìnnà. Ní Àkúrẹ́ ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981 wà. Ní Oǹdó ni ilé ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí wà, tí ó ti ń kọ́ olùkọ́ láti àwọn ọdún 1960. Àwọn ti ìhín mọ ẹ̀rọ, àwọn ti ọ̀hún mọ èdè àti bí a ti ń kọ́ ọmọ. Kí wọ́n jókòó pọ̀. Kí àwọn ti Oǹdó kọ òfin òǹkà sílẹ̀ láti oókan dé ọ̀kẹ́ kan, kí wọ́n yan orúkọ kan fún nọ́ńbà tí ó bá ní méjì, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ. Kí àwọn ti Àkúrẹ́ fi òfin náà kọ ètò kékeré kan, ẹgbẹ́ seq, tí yóò máa tẹ oókan, eéjì, ẹẹ́ta jáde dípò àmì. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ń béèrè owó ìjọba. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe é láàárín ìsinmi kan.

Kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ju àkọ́sórí nù. Kí ó da ọ̀kúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níwájú ọmọ, kí ó ní kí ó kó wọn jọ ní ogún-ogún. Kí ó tó kọ́ ọ ní àádọ́ta, kí ó kọ́kọ́ fi ọgọ́ta hàn án, kí ó mú ẹ̀wá kúrò níbẹ̀ lójú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀wá tí ó kúrò kò ní gbàgbé àádọ́ta mọ́ láyé. Ìjọba lè wọ́gi lé ìlànà. Kò lè wọ́gi lé ọ̀kúta wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ fún òbí èdè tí yóò fi ka iṣu sínú agbọ̀n lójú ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀. Ó ń to nọ́ńbà sílẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò pè é lórúkọ. Èdè Yorùbá kò yọ orúkọ kankan nínú ìwé. Àwa tí a bí sínú èdè náà, tí a sì ń gba owó oṣù nítorí rẹ̀, ni a pa ẹnu dé. Kí á yé wá ọ̀tá lọ sórí tábìlì tí kọ̀ǹpútà wà. Kí á la ẹnu, kí á ka nǹkan.